Ibi tí "ń" ti ń ṣi ọmọ Yorùbá lọ́nà nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ká ní ọmọ ilé-ìwé girama kan ní Ìlọrin kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé: "When I was small, my mother was selling wara at Oja Oba every Friday." Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò ní yé. Síbẹ̀, bírò pupa tíṣà yóò balẹ̀ sórí "was selling". "Sold" tàbí "used to sell" ló yẹ níbẹ̀.

Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ló tẹ̀ lé. "Ìyá mi ń ta wàrà" lè jẹ́ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí, ó lè jẹ́ ti àná, ó sì lè jẹ́ òwò tí ìyá ń ṣe láti ọdún dé ọdún. "Ń" kan ṣoṣo ló ru gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bí "lánàá" àti "nígbà yẹn" ló ń sọ ìgbà. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ nípa "ń" yìí nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1966. Ọládélé Awóbùlúyì, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, náà sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1978. Kì í ṣe àwa nìkan: ọmọ Kétu tó ń kọ Faransé ní Benin lè fi "vendait" kan náà sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn àti òwò ọdún dé ọdún.

Gẹ̀ẹ́sì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. "When the rain started, my mother was selling wara": òjò bá a lẹ́nu rẹ̀ ni.

Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ohun tí a lè fi dán an wò, ó sì yẹ kí tíṣà lò ó. Bí "máa ń" bá lè rọ́pò "ń" láìyí ìtumọ̀ padà, "sold" tàbí "used to sell" ni. Bó bá jẹ́ "lọ́wọ́" ló bá a mu, "was selling" ni. Ta ni yóò sọ pé, "Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ìyá mi ń ta wàrà lọ́wọ́"?

Nígbà mìíràn, èdè méjèèjì a tiẹ̀ máa ṣe déédéé. "Nígbà tí mo dé, ó ń dáná": iná ti wà nílẹ̀ kí n tó wọlé, "she was cooking". "Nígbà tí mo dé, ó dáná": ẹ̀yìn tí mo dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a, "she cooked".

Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà tí ìdánwò yìí kò ràn. A lè sọ pé "mo ń gbọ́ ariwo wọn", ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gba "I was hearing". "I heard" tàbí "I could hear" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "knew", "wanted" àti "owned". Wọn kò pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ wọn sórí.