Oòrùn Kona dá àwọn alárìíyànjiyàn lẹ́kun

Kí àwọn obìnrin tó figagbága nínú ìdíje àgbáyé Ironman ní Kona, ìpínlẹ̀ Hawaii, lọ́jọ́ 11 oṣù kẹwàá, ọdún 2025, àríyànjiyàn ti gbòde. Lucy Charles-Barclay ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbapò kìn-ín-ní lọ́dún 2023, làwọn kan ń fọwọ́ sọ̀yà fún. Àwọn mìíràn ní Taylor Knibb ará Amẹ́ríkà ni.

Kìlómítà 3.8 ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lójú òkun, wọn yóò gun kẹ̀kẹ́ fún 180, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ sáré 42.2 nínú oòrùn tí kì í ṣẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Oòrùn yìí ló mú Lucy jáwọ́. Knibb ló wà níwájú, ó ku kìlómítà díẹ̀ péré, ni ara bá kọ̀ fún un.

Solveig Løvseth, ọmọ Norway tó ń dé Kona fún ìgbà àkọ́kọ́, ló gbégbá orókè. Ìṣẹ́jú-àáyá 35 ni Kat Matthews fi tẹ̀lé e.