Ọ̀pọ̀lọ́ tí mọ́tò-ilé ń wọ́ kiri l'Amẹ́ríkà: Jíà tí wọ́n rò pé ó ń sinmi ló ń jóná lábẹ́lẹ̀ yẹn

Téèyàn bá dúró sétí títì márosẹ̀ ní Florida tàbí Arizona lásìkò tí òtútù bá ń mú gidi lápá òkè Amẹ́ríkà, yóò rí nǹkan tó jọ eré. Odindi ilé kan ni yóò máa sáré bọ̀ lórí táyà, tòun ti bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ẹ̀, mọ́tò kékeré kan á sì so mọ́ ọn nídìí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, tí kò ní sẹ́nì kankan nídìí sítíárìn. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò kékeré ọ̀hún ò bàjẹ́ o! Pípé ló pé.

Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ síbi tí wọ́n fẹ́ sùn, tí wọ́n ti so iná àti omi mọ́ ilé wọn, ta ló tún fẹ́ máa tú gbogbo ẹ̀ nítorí àtilọ ra búrẹ́dì? Mọ́tò kékeré yẹn ni wọ́n ń gbé jáde. Ibòmíì tiẹ̀ wà tí mọ́tò-ilé ò gbọdọ̀ dé rárá. Lójú ọ̀nà Going-to-the-Sun, nínú ọgbà Glacier ní ìpínlẹ̀ Montana, ọkọ̀ tó bá ti gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ ò gbọdọ̀ gba apá orí òkè ibẹ̀ kọjá.

Orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún mọ́tò kékeré yìí ń pani lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé lédè òyìnbó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ohun tí wọ́n ń fà àti orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ dún bákan náà létí. Àmọ́ ọ̀pọ̀lọ́ míì ti kú sójú ọ̀nà, tí ẹni tó ń fà á ò sì mọ̀ títí tó fi débi tó ń lọ.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé táwọn bá ti fi jíà sí níútírà, táwọn sì pa ẹ́ńjìnnì, ó parí, mọ́tò ti sùn. Irọ́ gbáà ni! Bí táyà bá ti ń yí nílẹ̀, àwọn irin inú jíà tó so mọ́ táyà náà ń yí ni, ní gbogbo ibi tí mọ́tò-ilé bá sáré dé. Nínú ọ̀pọ̀ jíà ọ̀tómátíìkì, páńpù kan ló ń gbé ọ́ìlì kiri ara àwọn irin yẹn, ẹ́ńjìnnì ló sì ń wa páńpù ọ̀hún. Ẹ́ńjìnnì kú, páńpù kú, ọ́ìlì jókòó sísàlẹ̀, irin ń ha irin lókè. Ẹni tó wà níwájú lè má gbọ́ nǹkan kan, àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ gbé mọ́tò kékeré lọ sọ́jà, tó fi sí jíà, tí kò lọ.

Jíà onílọ́wọ́ sàn díẹ̀, torí nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí irin ṣe ń yí ló ń ta ọ́ìlì síra ẹ̀ lára. Ìyẹn náà kì í ṣe gbogbo wọn. Jeep Wrangler ní tiẹ̀ ní àpótí jíà kejì tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fi ìyẹn sí níútírà, jíà ńlá ti já kúrò lára táyà nìyẹn, ìdí ẹ̀ rèé tó fi pọ̀ lẹ́yìn mọ́tò-ilé. Saturn tí General Motors ṣe náà gbayì láyé ọdún 1990, torí ó fúyẹ́, èyí tó ní jíà ọ̀tómátíìkì pàápàá sì gba fífà, àmọ́ wọ́n ti ti ilẹ̀kùn Saturn pa ní 2010.

Ti Honda CR-V ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò. Títí dé èyí tó jáde ní 2014, ìwé tó bá mọ́tò náà wá gbà kí wọ́n fà á lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ó létò: kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tẹ bíréèkì, kí wọ́n gbé jíà dé ojú kọ̀ọ̀kan, kó dúró ní D fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí wọ́n wá gbé e sí N, kí ẹ́ńjìnnì sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 kí wọ́n tó pa á. Bí ìrìn bá gùn, wọ́n tún gbọ́dọ̀ ṣe é ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni tó bá fo ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn torí pé ìyàwó ń kánjú, owó jíà ló ń fi ṣeré. Nígbà tó di ti 2015, wọ́n yí irú jíà ẹ̀ padà, fífà bẹ́ẹ̀ sì di èèwọ̀. Orúkọ kan náà, ìdáhùn ọ̀tọ̀! Kí wọ́n má gba ẹnu ẹni tó ń ta mọ́tò gbọ́, ìwé mọ́tò ọdún yẹn gan-an ni kí wọ́n ṣí. Èyí tí kò bá gba fífà, kí wọ́n gbé e sórí tìrélà.

Bí mọ́tò bá yege, ó kan mẹkáníìkì. Wọ́n á tú bọ́ńpà iwájú, wọ́n á fi bóòtù de irin ìdìmú mọ́ egungun mọ́tò fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pá ìfà ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa kọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìdí mọ́tò-ilé. Wáyà irin méjì tún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́, bóyá ọ̀pá bá já. Rìwáyà á fa iná dé ẹ̀yìn mọ́tò kékeré, kí tíráfíkétọ̀ méjèèjì lè jọ máa sọ ohun kan náà. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tí sítíárìn ò ti ní lọ́ọ̀kì, èyí sì máa ń mu bátìrì gbẹ tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀.

Bíréèkì lọ̀pọ̀ wọn ń ṣahun sí. CR-V wúwo tó kílò 1,500, tí wọ́n bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, gbogbo ìwúwo yẹn ló ń ti ilé ńlá látẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ní kí ohun tó bá wúwo ju 3,000 pọ́n-ùn lọ ní bíréèkì tiẹ̀. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n máa ń gbé síwájú ìjókòó awakọ̀, òun ló ń bá wọn tẹ bíréèkì. Wọ́n á tún so okùn kan mọ́ ọn, tó jẹ́ pé bí mọ́tò kékeré bá já kúrò, bíréèkì ẹ̀ á mú fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá sì ṣìnà, kí wọ́n má ṣe ríbáàsì o! Táyà iwájú ọ̀pọ̀lọ́ á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá á sì tẹ̀. Ńṣe ni kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tú u.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí Èkó bó ṣe jọ. Ẹni tó fi okùn wọ́ mọ́tò ọ̀tómátíìkì tó kú láti Bẹ́ẹ̀gà dé Ìkẹjà, nǹkan kan náà ló ń ṣe fún jíà. CR-V tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà náà sì pọ̀ nígboro, èyí tó ti ṣe ọ̀pọ̀lọ́ rí lè wà nínú wọn. Bí wọ́n bá ń fà á, òǹkà máìlì iwájú awakọ̀ lè má kà, bẹ́ẹ̀ táyà àti bíárìn ti rìn ín. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà iwájú bóyá irin ìdìmú tàbí ojú bóòtù wà níbẹ̀, kó sì ṣí búùtù wò bóyá wáyà àjèjì kan wọ ibi iná ẹ̀yìn.