Àṣírí Ẹni Lọ́wọ́ Lọ́yà



Ní Castle Green níbí, lẹ́bàá òpópónà A13, ṣàṣà ni ilé Yorùbá tí ènìyàn yóò wọ̀ tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà. Ẹni kan ń fi owó ránṣẹ́ sí Ìkòròdú, ẹlòmíràn sí Ìbàdàn, lọ́yà ni ó sì ń bá wọn ṣe ìwé rẹ̀. A máa ń sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ wa fún lọ́yà yìí, àti orúkọ mọ̀lẹ́bí tí a kò fẹ́ kí ó gbọ́. Ọ̀pọ̀ wa rò pé abẹ́ òfin ni gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí.

Ó rí bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní ìpín 192, ní kí lọ́yà má ṣe tú ohun tí oníbàárà bá a sọ, àfi bí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Oníbàárà ni ó ni àṣírí, kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tí ó lọ gba ìmọ̀ràn láti fi dá ọ̀ràn kò sí lábẹ́ ààbò yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ń lé àwọn tí ń fi owó olè ra ilé, ó ní kí lọ́yà wá máa jábọ̀ oníbàárà. Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n jàre l'Ábújá lọ́dún 2014, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2017. Kí ni ìjọba ṣe? Òfin tuntun ni ó mú jáde lọ́dún 2022. Ìpín 11 rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé àṣírí oníbàárà kò ní ààbò mọ́ nínú ilé àti ilẹ̀ rírà tàbí títà, àkáǹtì bánkì ṣíṣí, àti owó tí lọ́yà ń bá ènìyàn tọ́jú.

Pé olè ń fi ilé pa owó mọ́, ta ni kò mọ̀? Àmọ́ òfin yìí kò ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ọ̀sì tí ó fi owó iṣẹ́ òru ra púlọ́ọ̀tì kan. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2002 lórí owó ọ̀daràn náà ní kí lọ́yà jábọ̀ bí ó bá fura, ṣùgbọ́n ìpín 330 yọ ohun tí oníbàárà sọ láti fi gba ìmọ̀ràn òfin sílẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ pé ọ̀ràn ni ó fẹ́ fi dá. Irú èyí ni mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa fi sínú tiwọn.

Ẹ má sì rò pé ti ibí kò ní ààlà. Nínú ẹjọ́ Prudential lọ́dún 2013, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ààbò ìmọ̀ràn òfin kò dé ọ̀dọ̀ akáńtáǹtì tí ń gbani nímọ̀ràn lórí owó orí. Bí a bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ Ilé Aṣòfin ni. Kí wá ni ti ẹni tí ń ro gbogbo ọ̀ràn físà rẹ̀ fún “àjẹ́ńtì” nínú ṣọ́ọ̀bù? Òfin ọdún 1999, ní ìpín 91, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kò ní àṣẹ láti máa gbani nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú. Ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu.