Gègé Aláìní-tàdáà

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí olùkọ́ tí ó ń fi gègé kọ̀wé sórí àwòrán tí pírójẹ́kítọ̀ tàn sí ara ògiri, tí ìlà ń tẹ̀lé ẹnu gègé náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí olùkọ́ sì tún fi ìka lásán fa àwòrán láti òsì bọ́ sí ọ̀tún, ọ̀kan nínú èrò méjì ni yóò gbà á lọ́kàn: yálà kí ó rò pé tàdáà àràmàǹdà kan wà nínú gègé náà, tàbí kí ó gbà pé pátákó funfun ọ̀hún ní iyè, tí ó fi ń mọ̀ nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án. Kò sí èyí tí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Gègé kò ní tàdáà, pátákó kò sì mọ ohunkóhun. Ó lè jẹ́ ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà funfun lánàá. Ojú kan ni ó wà lókè tí ó ń ṣọ́ ohun gbogbo tí ọwọ́ wa ń ṣe, ẹni tí ó bá sì ti mọ ohun tí ojú náà lè rí àti ohun tí kò lè rí, ìjà òun àti ẹ̀rọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn àgbà wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀ràn yìí, kì í tilẹ̀ ṣe òwe mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tí ilé iṣẹ́ Epson ti ilẹ̀ Japan ń pè ní BrightLink ṣe àpẹẹrẹ. A kì í gbé e sórí tábìlì láàárín yàrá bí pírójẹ́kítọ̀ àtijọ́, tí olùkọ́ kò lè súnmọ́ pátákó kí òjìji ara rẹ̀ má bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má sì ta á lójú. Òkè pátákó gan-an ni a ń kàn án mọ́ lára ògiri, tí yóò ta ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sínú díńgí, tí díńgí yóò sì dà á sísàlẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sára pátákó, tí òjìji ọwọ́ a fi máa bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọwọ́ dípò kí ó bo ohun tí a ń kọ. Inú pírójẹ́kítọ̀ yìí kan náà ni kámẹ́rà kékeré kan wà tí ó dojú kọ pátákó, òun sì ni ojú tí mo wí.

Bí a bá tú gègé náà wò, bátìrì ni a ó bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú iná tíńtín kan, àti bọ́tìnnì tí a fi pamọ́ sí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀. Bí a bá tẹ ẹnu gègé mọ́ pátákó, iná a tàn. Bí a bá gbé e kúrò, iná a kú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ni, irú èyí tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. Ẹni tí kò bá gbàgbọ́, kí ó ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù rẹ̀, èyí tí a fi ń ya ara ẹni, kí ó na ẹnu gègé sí i, kí ó sì fi èékánná tẹ ṣóńṣó náà: lára ọ̀pọ̀ fóònù, bí kò tilẹ̀ ṣe gbogbo wọn, iná kan a tàn yòò lójú fóònù, nígbà tí ẹni tí ó mú gègé lọ́wọ́ kò rí nǹkan kan. Ìdánwò yìí wù mí púpọ̀, nítorí òun kan náà ni í fi bátìrì tí ó ti kú hàn, tí a kò fi ní í máa bú ẹ̀rọ lásán.

William Herschel, ọmọ Jámánì tí ó di onímọ̀ ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣàwárí irú ìmọ́lẹ̀ yìí ní ọdún 1800. Ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta la ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó gbé ohun èlò tí a fi ń wọn ooru sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí àwọ̀ kankan mọ́, ó sì bá ooru níbẹ̀ tí ó ju ti àwọn àwọ̀ tí a ń rí lọ. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé inú oòrùn ni a ti kọ́kọ́ bá a, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé oòrùn ọ̀sán, a-tàn-ká-ayé, ni ọ̀tá gègé yìí: bí ó bá gba ojú fèrèsé wọlé tààrà, tí ó sì bà lé pátákó, ojú ẹ̀rọ a ṣú, ìlà a máa já, a máa fò. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tiwa, tí a la fèrèsé rẹ̀ gbòòrò nítorí atẹ́gùn, kò ní ṣàì nílò kọ́tìnnì.

Ṣùgbọ́n pé ojú rí iná gègé kò wí pé ó mọ ibi tí gègé wà nínú àwòrán. A ní láti kọ́ ọ. Ẹ̀rọ a fi àmì róbótó kan hàn lórí pátákó, a ó fi gègé tẹ àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́, òmíràn a yọ, a ó tún tẹ ẹ́, títí ẹ̀rọ yóò fi mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí ó ń rí dúró fún. Àwọn gègé ìgbà yìí mìíràn tilẹ̀ wà tí ẹ̀rọ ń dá ẹ̀kọ́ wọn kọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìlà bá ń jáde ní ìwọ̀n ìka kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a fi gègé lé, kì í ṣe gègé ni ó ṣẹ̀. Ẹnìkan ti fi àkàbà tàbí igi ìgbálẹ̀ kọ lu pírójẹ́kítọ̀, ó sì ti yí díẹ̀. Ẹ tún un kọ́.

Ìka kò ní bátìrì, nítorí náà ọgbọ́n mìíràn ni a ń dá sí i. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni a ń kàn sí òkè pátákó, tí ó ń da ìmọ́lẹ̀ lésà tí a kò lè rí sílẹ̀ bí aṣọ ìkélé tí a ta sí iwájú pátákó, tí ó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí láìfara kàn án. Nígbà tí ìka bá la aṣọ ìmọ́lẹ̀ náà kọjá, ìmọ́lẹ̀ a ta padà lára ìka, kámẹ́rà a sì rí i. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ kò mọ ìka yàtọ̀ sí ohun mìíràn: apá agbádá tí ó rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́, ìwé tí a lẹ̀ mọ́ etí pátákó, gbogbo wọn ni ìka lójú rẹ̀. Ògiri tí ó bá sì wú níbì kan yóò máa da aṣọ ìmọ́lẹ̀ náà rú láti àárọ̀ di alẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìka dára fún fífa àwòrán kiri àti fún fífi ìka méjì mú un tóbi, ó sì rọrùn fún ọmọ kékeré tí í máa sọ gègé nù. Ṣùgbọ́n fún ìwé kíkọ, pàápàá fún èdè tiwa tí ó kún fún àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, gègé ni èmi yóò mú.

Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà mìíràn ṣáájú. David Martin àti ìyàwó rẹ̀, Nancy Knowlton, ní Calgary ní ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n gbé SMART Board jáde ní ọdún 1991, pátákó tí ó ń mọ̀ ní tòótọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Gègé rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú, ike lásán ni. Àwo tí a ń tò wọ́n sí ni ó ń mọ èyí tí a mú, débi pé bí ènìyàn bá gbé gègé pupa kúrò lórí àwo tí ó sì fi ìka kọ̀wé, pupa ni ìwé náà yóò jáde. Ní ọdún 2007, Johnny Chung Lee, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, fi rìmóòtù ohun ìṣeré Wii ṣe irú pátákó tí kámẹ́rà ń ṣọ́ ní owó pọ́ọ́kú: kámẹ́rà tí ń rí ìmọ́lẹ̀ àìfojúrí ti wà lẹ́nu rìmóòtù náà tẹ́lẹ̀, ó sì ṣẹ́ ku kí ó so iná kékeré mọ́ gègé kan.

Àròyé tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn olùkọ́ ni pé àwòrán ń hàn kedere, ṣùgbọ́n gègé kò mira. Wáyà tí ń gbé àwòrán láti kọ̀ǹpútà lọ sí pírójẹ́kítọ̀ kì í gbé ìròyìn gègé padà wá. Wáyà USB ni a sábà fi ń ṣe ìyẹn, àfi bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tí a lè kọ̀wé sí láìsí kọ̀ǹpútà rárá. Kí a tó pààrọ̀ bátìrì, kí a tó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni kí a kọ́kọ́ wò, bóyá wáyà kejì yẹn wọlé dáadáa.