Dídín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù nípasẹ̀ ìgbésí ayé

Dídín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù nípasẹ̀ ìgbésí ayé ni lílo oúnjẹ, eré ìdárayá àti ìṣesí ojoojúmọ́ láti mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ́ irúfẹ́ ọ̀rá kan tó dàbí ìda. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara nílò rẹ̀ láti mọ sẹ́ẹ̀lì, láti ṣe họ́mọ̀nù àti fítámì D. Nítorí náà, kì í ṣe májèlé. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ewu.

Irú rẹ̀ àti ewu rẹ̀

Ọ̀rá kì í dàpọ̀ mọ́ omi, nítorí náà purotéènì ló ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí à ń pè ní LDL ń gbé e lọ sí gbogbo ara. Bí ó bá pọ̀ jù, a máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan àlọ, a sì máa dí i díẹ̀díẹ̀. HDL ń kó o padà sí ẹ̀dọ̀. Bí iṣan tó ń bọ́ ọkàn bá dí, ìkọlù ọkàn lè ṣẹlẹ̀. Bí ti ọpọlọ bá dí, ó lè di àrùn rọpárọsẹ̀. Àpọ̀jù yìí kì í sábà ní àmì kankan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Fún àgbàlagbà, àpapọ̀ tí kò tó 200 mg/dL ló dára. 240 mg/dL sókè ti pọ̀ jù.

Oúnjẹ

Kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ṣe é kà sí nínú epo tí a fún láti ara ewéko, yálà wọ́n kọ ọ́ sára ìgò tàbí wọn kò kọ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀rá tó máa ń dì kó nǹkan bí ìdajì epo pupa, ó sì ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún òróró àgbọn lọ. Irú ọ̀rá yìí, tó tún wà nínú bọ́tà àti ọ̀rá ẹran, ń dín agbára ẹ̀dọ̀ láti fa LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Michael Brown àti Joseph Goldstein, tí wọ́n ṣàwárí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gba LDL wọlé, gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985.

Ẹ̀wà, ilá, ọsàn àti óòtì ní fáíbà tó ń yọ́ nínú omi. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe omi òróǹro. Fáíbà yìí a máa gbá omi náà jáde pẹ̀lú ìgbẹ́, ẹ̀dọ̀ yóò sì fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mìíràn láti inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òmíràn. Gíráàmù 5 sí 10 lójúmọ́ lè dín LDL kù ní nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìṣesí ojoojúmọ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti máa ṣe eré ìdárayá, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Dídín ìsanrajù kù ń ṣèrànwọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni jíjáwọ́ nínú sìgá mímu máa ń gbé HDL sókè.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àwọn kan jogún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù gíga láti ara òbí. Wọ́n lè jẹun dáadáa kí wọ́n sì tín-ín-rín, síbẹ̀ kí iye rẹ̀ má wálẹ̀. Irú wọn nílò òògùn, bíi statin, tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní ọdún 1987. Ẹni tí dókítà bá ti fún ní òògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ti yí oúnjẹ padà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni yóò fi hàn bóyá àyípadà náà tó.