Àṣìṣe Etí àti Àṣìṣe Àkọtọ́: Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ìró Wọn Jọra

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ‘The farmer sold his ship’ nígbà tí ó jẹ́ pé àgùntàn ni ó ní lọ́kàn. Èkejì kọ ‘We ate meet’ nígbà tí ó ń sọ nípa ẹran. Olùkọ́ fa báírò pupa sí méjèèjì, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ní ìgbà ogún. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àṣìṣe méjèèjì kì í ṣe irú kan náà, oògùn kan kò sì lè wo wọ́n.

1. Àṣìṣe Àkọtọ́

Bákan náà ni Òyìnbó pàápàá ń pe ‘meat’ àti ‘meet’, ‘write’ àti ‘right’, ‘know’ àti ‘no’. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí Westminster ní 1476, wọ́n ṣì ń pe ‘k’ inú ‘know’ àti ‘w’ inú ‘write’ síta. Fáwẹ̀lì ‘meat’ sì yàtọ̀ sí ti ‘meet’. Ìwé títẹ̀ mú kí àkọtọ́ dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ìpè ń yí padà lọ.

Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò jọra létí. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò ni wọ́n tó jọra lójú. Nítorí náà, ọmọ tí a kọ́ láti fi etí ṣàmì sí Yorùbá yóò ṣìnà bí ó bá fi etí nìkan kọ Gẹ̀ẹ́sì.

2. Àṣìṣe Etí

‘Ship’ àti ‘sheep’ kò jọra lẹ́nu Òyìnbó. Etí Yorùbá ni ó pa wọ́n pọ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní; ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí, ‘i’ kan ṣoṣo ni ọmọ fi ń pe ‘ship’ àti ‘sheep’, ‘ọ’ kan náà ni ó sì fi ń pe ‘cut’, ‘cot’ àti ‘caught’. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ‘v’, ‘z’ tàbí ‘ch’ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò: ‘van’ a di ‘fan’, ‘zeal’ a di ‘seal’, ‘chair’ a di ‘share’.

3. Ohun tí ó Yẹ ní Ṣíṣe

Gbólóhùn ni a fi ń wo àṣìṣe àkọtọ́. Nínú àpèkọ, kí á má ṣe pe ‘right’ lásán, nítorí kò sí etí tí ó lè yà á sọ́tọ̀ sí ‘write’. Inú gbólóhùn ni kí á ti pè é.

Ní ti àṣìṣe etí, kí olùkọ́ pe ‘ship’ tàbí ‘sheep’ láìkọ ọ́ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ na ìka kan tàbí méjì láti fi èyí tí wọ́n gbọ́ hàn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀, bí ó kọ ọ́ ní ìgbà ogún, asán ni. Olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò pe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìpè tirẹ̀ ṣe.

Àwa olùkọ́ Yorùbá ni a mọ ètò ìró èdè tí ọmọ náà gbé wá láti ilé. Ó yẹ kí á la èyí yé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí ń máàkì ìwé ìdánwò lè bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó fa báírò: ṣé etí ni, àbí àkọtọ́?