Ṣé o mọ̀? Afẹ́fẹ́ ni ń darí iná púlọ́ọ̀gì

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní tí ń gba Ṣábẹ kọjá lójú ọ̀nà Kútọnu sí Páràkú, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni ó ń pinnu táímìn, èyí tí í ṣe àkókò tí púlọ́ọ̀gì yóò ta iná kí písítìnì tó dé òkè. Wáyà tín-ín-rín kan tí a mú gbóná ni ó fi ń wọn afẹ́fẹ́ tí ń wọlé; bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, nítorí pé ọkọ̀ ru ẹrù, epo yóò yára jó, kọ̀ǹpútà yóò sì fa iná sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí eruku ọyẹ́ bá bo wáyà yìí, yóò ka afẹ́fẹ́ sí díẹ̀, iná yóò tètè ta jù, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa dún kọ́-kọ́-kọ́, pàápàá bí kpayo, epo inú ìgò ẹ̀bá títì, bá jẹ́ àdàlù. Kí awakọ̀ má fojú kéré ìró yẹn, nítorí ó lè fọ́ písítìnì.